Ta Ni Etí Òkun Yẹ Fún?

Àwa ará Ìlọrin kò ní òkun. Odò Àsà la ní, orí afárá rẹ̀ la sì ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láì bojú wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òkun nínú wa yóò rin nǹkan bí 300 kìlómítà lọ sí Èkó. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ etí òkun fi máa ń dùn lẹ́nu wa, nítorí ohun tí èèyàn kò ní nílé ló máa ń rọrùn fún un láti dájọ́ lé lórí. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yẹn ni mo fẹ́ fi wo ìbéèrè kan tó dà bí ìbéèrè ìdánwò lásán, àmọ́ tó jẹ́ ìbéèrè ìwà: kí ni à ń sọ gan-an nígbà tí a bá sọ pé etí òkun kan yẹ fún ìgbafẹ́?

Inú iṣẹ́ Jọ́gíráfì ni ìbéèrè náà ti bá wa ní sáà tó kọjá. Kíláàsì wa ń múra ìrìn-àjò lọ sí Èkó, olùkọ́ wa sì ní kí a má kàn lọ bí ẹni tó ń lọ jẹ àsè. Ó ní kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àwọn etí òkun bíi mẹ́rin, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ibi tó bá gba máàkì jù ni a ó lọ. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nínú ìwé tó pín fún wa, máàkì mẹ́wàá sì wà nídìí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ṣé iyanrìn rẹ̀ mọ́? Ṣé ìgbì rẹ̀ le? Báwo ni omi ṣe máa jìn tó bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá wọnú rẹ̀? Ṣé ilé ìyàgbẹ́ wà? Ọ̀nà ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé àwọn tó lè yọ ẹni tó fẹ́ rì wà nítòsí? Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìkẹwàá.

Mi ò fojú kéré àwọn ìbéèrè wọ̀nyí o. Òkun iwájú Èkó kì í ṣe ibi eré fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣí sílẹ̀ gbalaja sí gúúsù, ìgbì tí ìjì gbé dìde lọ́nà jíjìn réré lójú Àtìláńtíìkì sì ń rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó wá fọ́ sí wa lẹ́sẹ̀. Omi tí àwọn ìgbì wọ̀nyí kó wá sí etídò gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá. Nígbà mìíràn yóò wá ojú ọ̀nà tóóró kan, yóò sì máa fi agbára ṣàn gba ibẹ̀ padà sínú agbami. Ẹni tó bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó, tó bá ń bá omi jà láti padà tààrà sí etídò, agara ni yóò dá a. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ńṣe ni kó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí etídò wà ní apá rẹ̀ kan, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ìṣàn náà, kó tó wá kọrí sílẹ̀. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà ni pé ojú ọ̀nà tóóró yìí ló sábà máa ń dà bí ibi tí ara omi ti balẹ̀ jù, torí pé ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àlejò máa ń yàn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, nítorí náà ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí etí òkun gbọ́dọ̀ béèrè nípa ìgbì.

Kì í ṣe ilé-ìwé wa nìkan ló ń fi ìbéèrè wọn etí òkun. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àsíá kan tí wọ́n ń pè ní Blue Flag. Etí òkun tí omi rẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kòkòrò inú ìgbẹ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀, tí ètò ààbò àti ìmọ́tótó rẹ̀ sì péye, òun ni wọ́n ń fún ní àsíá náà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò. Gúúsù Áfíríkà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́yìn ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọdún 2001. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà.

Nígbà tí a ṣírò máàkì tiwa, Tarkwa Bay ló gbégbá orókè. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀, a sì yọ máàkì díẹ̀ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ rọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ọmọdé lè dúró nínú rẹ̀. Olùkọ́ wa wá bi wá léèrè pé kí ló fà á tó fi rọ̀ nígbà tó jẹ́ pé òkun kan náà ni. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló kọ́kọ́ mú kí n máa ronú.

Láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Èkó láti òkun léwu gan-an, nítorí iyanrìn tó gorí ara wọn lábẹ́ omi níbẹ̀. Ìyẹn náà ló bí orúkọ tí wọ́n ń pe Bar Beach. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn wá kọ́ ògiri òkúta gígùn wọ inú òkun, ọ̀kan ní apá ìwọ̀-oòrùn, èkejì ní apá ìlà-oòrùn, kí ọ̀nà ọkọ̀ lè jìn kó sì dúró. Ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay wà, ògiri náà ló ń bá a gba ìgbì mú. Àmọ́ ní gbogbo etí òkun wa, iyanrìn kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́sàn-án lóru. Bí ògiri ṣe dá iyanrìn yẹn dúró, ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n òkun kò rí ohun tí yóò fi dípò èyí tó ń kó lọ ní apá ìlà-oòrùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Láàárín bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀ tó jẹ lé ní kìlómítà kan. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òkun ń kó o lọ.

Níkẹyìn wọ́n pinnu láti gba ilẹ̀ náà padà. Ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí, lórí iyanrìn tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ òkun, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 10 níbùú lóròó. Ògiri tó yẹ kó dáàbò bò ó yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí wà níbi ayẹyẹ rẹ̀. Bar Beach tí àwọn òbí wa ń ya fọ́tò sí, tí ẹnikẹ́ni lè rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún láì san kọ́bọ̀, kò sí mọ́. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ní Òkun Alfa, àwọn ará abúlé ń sọ pé òkun tí wọ́n lé kúrò lọ́hùn-ún ti wá bá àwọn. Àwọn tó ń kọ́ ìlú tuntun ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tó hàn sí mi ni pé ìrọ̀rùn omi tí a fún ní máàkì 9 nínú 10 ní Tarkwa Bay, ẹnìkan ti san owó rẹ̀ níbòmíràn, kò sì sí ìbéèrè kankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó lè mú wa mọ onítọ̀hún.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ẹbí rẹ̀ kan ṣì wà ní Àyẹ́tòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan rí nítorí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń pín èrè. Òkun ti gbé apá tó pọ̀ mì nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Èwo nínú ìbéèrè yìí ló kàn wọ́n?” Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹni tó bá mọ ìdáhùn kọ ọ́ wá.

Àwọn tó ń gbé Tarkwa Bay ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń pa ẹja, wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ fún àlejò, àwọn ọmọ wọn sì mọ bí a ṣe ń fi pátákó gun ìgbì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará òkè òkun ń wá wò wọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ìjọba sọ ni pé àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ilé láti jí epo nínú ọ̀pá epo tó gba ibẹ̀ kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò ní ilé mọ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ká ní olè wà láàárín wọn, a kì í torí olè kan dáná sun àdúgbò. Síbẹ̀, bí ẹ bá mú ìwé máàkì wa lọ sí Tarkwa Bay ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lé wọn, máàkì ibẹ̀ ì bá lọ sókè ni. Ilé pákó dín kù, ìdọ̀tí dín kù, ariwo dín kù.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá máàkì. Nínú èdè wa, “yẹ” kì í dá dúró. Aṣọ kì í kàn yẹ lásán, ó ń yẹ ẹnìkan ni. Fìlà tó yẹ bàbá mi kò yẹ mí. Bí mo bá ní etí òkun kan yẹ tí mi ò dárúkọ ẹni tó yẹ, mo ti fi ara mi sínú gbólóhùn náà láì sọ ọ́ jáde: ó yẹ èmi, àlejò tó ní owó ọkọ̀, tí yóò lo wákàtí mẹ́rin, tí yóò sì padà sílé. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò sí nínú gbólóhùn mi rárá.

Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1953 ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó ya ibi ìgbafẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn aláwọ̀ dúdú, etí òkun sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ri pátákó mọ́ iyanrìn, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ti àwọn báyìí nìkan nibí. Ìparí ọdún 1989 ni Ààrẹ F. W. de Klerk tó kéde pé kí gbogbo etí òkun ṣí fún gbogbo èèyàn. Ká ní a gbé ìwé ìbéèrè wa lọ sí irú etí òkun bẹ́ẹ̀ ní ìlú Durban ní ọdún 1975, kí ni à bá kọ? Iyanrìn rẹ̀ dára. Àwọn tó ń yọ ẹni tó fẹ́ rì wà. Ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Ọ̀nà dán. À bá fún un ní 90 nínú 100, à bá sì lọ sílé láyọ̀. Kò sí ìkankan nínú máàkì yẹn tó jẹ́ irọ́, àmọ́ ọmọ dúdú tó ń wo òkun láti ẹ̀yìn pátákó ni máàkì náà kò rí.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyẹn kò le, ká fi ìbéèrè kọkànlá kún un: ṣé wọ́n ṣe dáadáa sí àwọn ará ibẹ̀? Ká fún un ní máàkì mẹ́wàá bíi ti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì wa ló fara mọ́ èyí, àwọn kan tilẹ̀ ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé wọn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ìbéèrè yẹn bá jẹ́ ọ̀kan lára mọ́kànlá, etí òkun tó gba òdo níbẹ̀ ṣì lè borí bí ilé ìyàgbẹ́ àti oúnjẹ rẹ̀ bá dára jù. Ìyẹn ni pé a lè fi ẹja díndín dí ilé tí wọ́n wó. Ní Ìlọrin níbí, kò sí ọmọdé tó dé ilé-kéwú tí kò mọ ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ fà yọ. Àlùwàlá kì í ṣe ara ohun tí a ń kó jọ pọ̀ mọ́ ìrun kó lè dára sí i. Bí èèyàn ní ohùn dídùn, tó mọ kéwú kà, tó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀, tí kò ṣe àlùwàlá, kò tíì kírun. Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tí a bá níbẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni, kì í ṣe ọ̀kan nínú yàrá. Tí a bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, nígbà náà la lè jókòó máa ka iye ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí àlejò wá wo ibi tí èèyàn ti ń jẹun. Ìyá àgbà mi ń mọ ìkòkò ní Dàda, ní Òkèlele. Àwọn àlejò ń wá wò wọ́n láti ibi gbogbo, àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn òyìnbó, àwọn oníròyìn. Nígbà tí mo kéré, mo máa ń jókòó tì í, mo ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá kí mi, tó jókòó, tó ra ìkòkò kan, kódà kó jẹ́ èyí tó kéré jù, àlejò mi nìyẹn. Ẹni tó dúró lé mi lórí, tó ń yà mí bí ẹni ń ya ewúrẹ́, mi ò mọ ohun tí màá pè é.” Ọkùnrin kan wá nígbà kan, ó wo ibẹ̀ yíká, ó ní ibẹ̀ ì bá yẹ àlejò ju báyìí lọ bí wọ́n bá lè kó àwọn àpáàdì kúrò, tí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí èéfín. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bí èéfín bá kúrò, kí ni wọ́n tún ń bọ̀ wá wò?” Títí di òní mi ò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn, yálà fún Dàda tàbí fún etí òkun tí wọ́n ti kó àwọ̀n àti apẹja kúrò.

Bàbá mi kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ń ta táyà ní Táíwò, kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá dé ìdí iṣẹ́. Ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ní bí àlejò bá ń wá sí etí òkun, ọlọ́kọ̀ yóò jẹun, alágbọn yóò jẹun, ẹni tó ń yáni ní àga yóò jẹun. Bí a bá ní ká kọ́kọ́ bi gbogbo èèyàn léèrè, a ò ní kọ́ nǹkan kan ní Nàìjíríà. Ó tún rán mi létí Kuramo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etídò Kuramo ní Èkó, ó gbé àwọn tó ń sùn nínú ilé pákó lọ, lẹ́yìn náà ni ìjọba kó àwọn yòókù kúrò. Ó ní, “Ṣé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kú ni?”

Ìbéèrè gidi ni bàbá mi béèrè, ó sì gba òru méjì lọ́wọ́ mi. Mo gbà pé ìgbà mìíràn wà tí kíkó èèyàn kúrò létí omi jẹ́ àánú. Àmọ́ ohun méjì ló ń fi àánú hàn yàtọ̀ sí ìlélọ. Èkíní ni ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Èkejì ni ẹni tí wọ́n gbé ilẹ̀ náà fún lẹ́yìn wọn. Bí ewu òkun bá kọ ilé pákó, tí kò kọ ilé olówó, ewu òkun kọ́ ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀rọ̀ Ọ̀tọ́dò Gbámẹ̀ tún yé mi sí i nígbà tí mo kà á. Ọ̀tọ́dò Gbámẹ̀ jẹ́ abúlé apẹja létí ọ̀sà ní Lẹ́kì. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n lé àwọn èèyàn tó lé ní 30,000 kúrò níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé lílé tí wọ́n lé wọn láì fún wọn ní ibòmíràn tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. Adájọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ àròkọ.

Ohun tí mo tún sọ fún bàbá mi nìyí, òun náà sì dákẹ́ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó lágbára jù ló ń sọ ohun tí etí òkun yẹ fún, olówó náà kò sùn ire. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà márosẹ̀ tí yóò gba etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, 700 kìlómítà. Ọ̀nà náà gba etí òkun Landmark, ibi ìgbafẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti náwó gọbọi sí, tí àlejò ń wọ́ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ibi tí ìbá gba máàkì tó ga nínú ìwé wa ni. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ibẹ̀. Àwọn tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ wá ń sọ ohun tí àwọn apẹja ti ń sọ láti ọdún pípẹ́, pé kò sẹ́ni tó bi àwọn dáadáa. Ẹni tó ń ta táyà mọ ohun tí ìfẹ̀ ọ̀nà lè ṣe sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti dé etí òkun lẹ́ẹ̀kan rí, àbúrò màmá mi ló mú mi lọ, ní Lẹ́kì. A san owó ní géètì. Ẹṣin ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ní Ìlọrin, ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni à ń rí ní ọjọ́ Iléyá, pẹ̀lú àwọn ìjòyè lórí wọn, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹṣin rírù kan ń gbé ọmọdé lọ gbé ọmọdé bọ̀ lórí iyanrìn, owó ló ń pa fún olówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí obìnrin kan tó gbé àgbọn lórí. Ó dúró sí ìta ọgbà, ó ń na ọwọ́ sí wa láàárín irin. Wọn kì í jẹ́ kó wọlé nítorí àwọn tó ń ta ohun mímu nínú ọgbà ti san owó ibi tí wọ́n ń tà á sí. Mo ra àgbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín irin náà. Ó dùn. Mi ò ronú nípa rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òkun ni mo ń wò.

Èrò pé etí òkun kò yẹ kó ní géètì kì í ṣe èrò tuntun. Nínú ìwé òfin tí Justinian, ọba àwọn ará Róòmù, gbé jáde ní ọdún 533, wọ́n kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́, omi tó ń ṣàn, òkun àti etí òkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láti ilẹ̀ wá. Mo fẹ́ràn òfin yẹn, àmọ́ mo rí ibi tó kù sí. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ẹni tó lẹ́sẹ̀ yíyá jù ló máa ń kó o lọ. Kò tó ká sọ pé etí òkun jẹ́ ti gbogbo wa. A gbọ́dọ̀ fi ti ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ ṣáájú ti ẹni tó wá ṣeré níbẹ̀, kì í ṣe pé ẹni tó wá ṣeré burú, ṣùgbọ́n òun lè lọ ṣeré níbòmíràn. Apẹja kò lè lọ pẹja ní Ìlọrin.

Ohun tó wá kù ni bóyá kí kíláàsì wa lọ. Àwọn kan nínú wa ní kí a má lọ Tarkwa Bay mọ́ rárá. Èmi rò pé ìyẹn náà jẹ́ ojú àlejò lọ́nà mìíràn, torí pé bí a ò bá lọ, ọkàn wa yóò balẹ̀, ọlọ́kọ̀ kò ní jèrè kan lára ìbàlẹ̀ ọkàn wa. Ohun tí mo kọ fún olùkọ́ wa ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí a tó lọ, kí a bá ẹnìkan lára àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí ọdún 2020 tó dé sọ̀rọ̀, bí a bá rí wọn. Kí a bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí a wá. Kí a bi wọ́n ta ló ni ọkọ̀ tí yóò gbé wa, ta ni yóò se oúnjẹ, ibo ni wọ́n ń sùn báyìí. Bí wọ́n bá ní kí a wá, kí a lọ, kí a kí wọn kí a tó kí òkun. Bí wọ́n bá ní kí a má wá, Owú Falls wà ní Kwara níbí, omi ń ti orí àpáta gíga já bọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ ilé-ìwé lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìbéèrè tí a máa bi àwọn ará ibẹ̀ náà sílẹ̀.